Ìjàpá Olùpínṣẹ́ Alára

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, nígbà tó di olùpínṣẹ́ láàfin Alára ní Arámọkọ.

Alára fẹ́ gba àlejò. Òpó ààfin ti ṣẹ́, ẹní ti gbó, wọ́n sì ní láti ránṣẹ́ pe Ajerò ní Ìjerò àti Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n. Gbogbo ẹranko jáde.

Ìjàpá ní, “Ìlà kan ṣoṣo ni! Iṣẹ́ tó bá dé, ẹni tó wà níwájú ni yóò gbé e. Kò sí ojúsàájú!” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí òpó ìrókò ṣe já lé Ẹ̀gà lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹní híhun kan Erin. Ó fẹsẹ̀ tẹ òrè di ẹrẹ̀. Igbín ni wọ́n rán sí Ìjerò.

Òpó wúwo, ta ni yóò gbé e?
*Kínrinjin, kínrin*
Ẹ̀gà ni, Ìjàpá ló wí
*Kínrinjin, kínrin*
Ọ̀nà jìn, ta ni yóò rìn ín?
*Kínrinjin, kínrin*
Igbín ni, Ìjàpá ló wí
*Kínrinjin, kínrin*

Ẹ̀gà ò lè gbé òpó. Ìjàpá ní kí wọ́n dá òpó padà síwájú ìlà. Ó kan ẹ̀gà mìíràn. Wọ́n tún dá a padà. Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, òpó kan ṣoṣo ti dí gbogbo ọ̀nà. Àgbọ̀nrín tó lè sáré dé Ẹ̀fọ̀n wà lẹ́yìn, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

“Ìjàpá, iṣẹ́ ńkọ́?”

“Kábíyèsí, a ti pín in tán.”

“Mo ní, ṣé ó ti parí?”

“A ti pín in, Kábíyèsí.” Ó dọ̀bálẹ̀. (Ahun dọ̀bálẹ̀, ta ló mọ ìyàtọ̀?)

Ehoro ló wá to agbọ̀n mẹ́rin sẹ́nu ọ̀nà: ìyẹ́ lára ọ̀kan fún iṣẹ́ eré sísá, egungun fún iṣẹ́ agbára, okùn fún iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú mẹ́ta wọ̀nyí láìní àrokò lára. Olúkúlùkù sì jókòó ti agbọ̀n tirẹ̀. Èyí tí kò bá ní àrokò, agbọ̀n kẹrin ni. Ìjàpá ni wọ́n fi jẹ baálẹ̀ ibẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ agbọ̀n kẹrin yìí. Nínú Celery, ètò tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tí ẹ kò bá júwe ọ̀nà fún, inú ìlà kan tó ń jẹ́ celery ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ jọ sí. RabbitMQ tó ń bá a gbé iṣẹ́ kiri, tó jáde ní 2007, orúkọ ehoro ni wọ́n fi sọ ọ́.

Láàfin Alára, kó tó di ìrọ̀lẹ́, Erin ti gbé òpó dúró, Ẹ̀gà ti hun ẹní, Aláayè ti jókòó ti iyán. Àga Ajerò ṣófo. Kò sẹ́ni tó rántí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Igbín. Ìjàpá ti ní wọ́n ti pín in.

Igbín ṣì wà lọ́nà Ìjerò.