Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Ara Ẹni Da Owó Ìwòsàn Nù: Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Ará London Tó Wálé sí Ẹgbẹ́dá

Ìwọ tó ń gbé London, tó ń palẹ̀ mọ́ láti wá ṣọdún ní Ẹgbẹ́dá, ìwọ ni mo kọ èyí sí. Àwọn kan á sọ fún ọ pé olè ni gbogbo ilé iṣẹ́ adójútòfò. Má dá wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò nílò olè jíjà rárá. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn wá ìdí tí wọn ò fi ní sanwó, á bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀, á sì tún fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tó gba ìmúra ni, láti London ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o bá ń ra ínṣọ́ránsì ìrìn-àjò lórí fóònù, wọn á bi ọ́ bóyá o ní àìsàn kan tí dókítà ń tọ́jú lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti pẹ́, oògùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tẹ "Rárá". Bí ìyàwó rẹ bá yọjú wo fóònù náà, tó ní, "Bàbá Tóbi, ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan kan báyìí?" dá a lóhùn pé o ò ní fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ àìsàn. Kó ṣe àmín. Ogún pọ́n-ùn tí wọn ì bá fi kún owó rẹ, fi ra ṣokoléètì fún àwọn ọmọ àbúrò rẹ.

Oògùn ìdènà ibà ńkọ́? Fi í sílẹ̀. Ọmọ Ẹgbẹ́dá ni ọ́, ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ̀ ọ́. Àwọn dókítà ní bí èèyàn bá ti pẹ́ níbi tí kò sí ibà, agbára tí ara fi ń bá a jà á dínkù, ṣùgbọ́n dókítà ò mọ irú ẹbí tí o ti wá. Káàdì GHIC tó ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù, mú un dání. Bí o bá fi han nọ́ọ̀sì ní Ẹgbẹ́dá, á rò pé ti báǹkì ni, á ní kó o lọ bá oní-POS níwájú.

O ti dé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti so ọ́ mọ́lẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà. Bọ́ọ́lẹ̀, kó o gun ọ̀kadà. Ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní June 1, 2022, wọ́n fi mẹ́rin kún un ní September ọdún yẹn, Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ẹgbẹ́dá wà, ò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òfin wà lẹ́yìn rẹ nìyẹn. Akoto tí ọlọ́kadà fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀, má bèèrè. Òógùn gbogbo èrò tó ti gbé láti àárọ̀ ló wà nínú rẹ̀, o sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun ni. Pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó bá gun alùpùpù láìdé akoto, kó máa fúnra rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀, ìyẹn wà lójú ìwé tí o ò ṣí.

Kòtò kan lójú ọ̀nà Ìdímù á wá ṣe èyí tó kù. Nígbà tí o bá nà gbalaja sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan ò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu mọ́, má pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ sínú ìwé àdéhùn. Wọ́n fẹ́ kó o pe àwọn kí ọsibítù tó dá ọ dúró, kí wọ́n lè mọ̀ sí owó tí o máa ná. Kí ló kàn wọ́n? Pe Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n gbé ọ lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ wú dáadáa, kó o tó wá sí ọsibítù. Ọsibítù ìjọba wà ní Ìgàndó, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀. Wá aládàáni kan nítòsí ilé.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an la dé yìí: rìsíìtì. Má fojú kékeré wò ó. Rìsíìtì tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ ní ìrísí tirẹ̀. Ó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, inú ìdì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé ni wọ́n ti ya á. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni "Bọ̀dá London", nítorí orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ọ́ nìyẹn, ti ìwé ìrìnnà rẹ sì gùn jù fún nọ́ọ̀sì láti kọ. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí owó wà fún, "ìtọ́jú" nìkan ni. Iye rẹ̀ ₦480,000, gbogbo rẹ̀ lójú kan. Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ orí déètì, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá December ni tàbí October. Owó náà fúnra rẹ̀, àkáǹtì ìyàwó dókítà lo fi ránṣẹ́ sí, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ọsibítù ò dáa.

Bí dókítà bá ní òun fẹ́ kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ fún ọ, iye X-ray lọ́tọ̀, simẹ́ńtì ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, abẹ́rẹ́ àti oògùn lọ́tọ̀, ọjọ́ tí o wọlé àti ọjọ́ tí o jáde, kóun sì fi lẹ́tà àyẹ̀wò tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ òun tì í, bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe wàhálà. Sọ pé, "Dókítà, àwọn òyìnbó á ti mọ̀." Lẹ́yìn náà, fi rìsíìtì náà sínú àpò ṣòkòtò tí wọ́n fẹ́ fọ̀.

O ti padà sí London, lẹ́tà wọn ti dé: wọn ò ní san. Ka ìlà àkọ́kọ́, kó o bínú, kó o jù ú sórí firíìjì. Nínú ìpínrọ̀ kejì ni wọ́n ti kọ ìdí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ àdéhùn tí wọ́n dì mú, ẹsẹ̀ yẹn sì ni gbogbo ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá lé. Ká ní o kà á ni, ò bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ò bá sì bèèrè ohun tí òfin sọ. Òfin Britain ti ọdún 2012 lórí ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ kò gbà kí wọ́n kàn da gbogbo rẹ̀ nù bí ó bá jẹ́ àìkíyèsára ni. Wọ́n ní láti wo ohun tí àwọn ì bá ṣe ká ní wọ́n ti mọ̀. Bí o bá san £60 níbi tí wọn ì bá ti gba £80, wọ́n lè san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí wọ́n bá sì ní o mọ̀ọ́mọ̀ ni, àwọn ni kó mú ẹ̀rí wá.

Ṣàánú wọn, fún wọn lẹ́rìí. Jókòó lóru, kọ ímeèlì onílẹ́tà gàdàgbà. Bẹ̀rẹ̀ látorí òwò ẹrú, gba ọ̀dọ̀ Lugard kọjá, kó o wá dé orí ara rẹ: o mọ̀ pé o ní ẹ̀jẹ̀ ríru o, ìgbàgbọ́ rẹ ni kò jẹ́ kó o jẹ́wọ́. Akọ̀wé tó bá ka ìlà yẹn á lọ sinmi, iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ti parí.

Láti ọjọ́ tí o bá fẹjọ́ sùn, ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fún ọ ní ìdáhùn ìkẹyìn. Láti ọjọ́ ìdáhùn yẹn, o ní oṣù mẹ́fà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kò lè dáa. Wá ọ̀rẹ́ kan tó mọ ẹnì kan ní Akówọnjọ, fún un lówó kó bá ọ gbé e lọ sí NAICOM ní Abuja. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò Nàìjíríà ni NAICOM ń bójú tó, wọn ò rí ti London rò, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà á fi bẹ́ẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ètò ìlera HMO tí o rà fún Màmá ní Ẹgbẹ́dá ló kọ̀ láti sanwó, ìyẹn tún rọrùn. Gbé Màmá lọ sí ọsibítù tí kò sí nínú ìwé wọn. Ní April 2025, NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn HMO, pàṣẹ pé kóòdù àṣẹ ìtọ́jú ò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí kan lọ lọ́wọ́ HMO, bí wákàtí náà bá sì kọjá, kí ọsibítù máa tọ́jú aláìsàn lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Sanwó lápò ara rẹ, kó o wá máa bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn.

Ó ku rédíò. Pe ètò tí wọ́n ti ń gba ẹ̀hónú aráàlú, kó o ké tantan. Olóòtú á gbọ́ ọ dópin, á bá ọ kẹ́dùn, á wá bi ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ yín?"

Sọ fún un pé òun náà ti gbàbọ̀dè, kó o pa fóònù rẹ.