Àkàrà Gbígbóná Ló Jó Mi Lẹ́nu

Irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa fún nọ́ọ̀sì. Mo ní àkàrà gbígbóná ló jó mi ní ètè. Ó wò mí lẹ́nu, ó wò mí lójú, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, èmi náà sì rò pé ó ti gbà.

Akokoro ló gbé mi débẹ̀. Láti ìgbà òjò ni eyín ìsàlẹ̀ kan ti ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá mu omi tútù, àfi kí n di ògiri mú. Ilé ìwòsàn eyín kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá dá ọjọ́ fún mi, mo sì ti sanwó sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ibi tí mo bá ti sanwó sí, mo gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ọjọ́ ọ̀hún ku dẹ̀dẹ̀ ni ètè òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ìléròrò ti yọ síbẹ̀, wọ́n ṣùjọ bí ẹyin ẹja. Ní àdúgbò wa ní Ìkòtún, ibà tó ń jáde là ń pe ìyẹn. Oníkẹ́mísì ní kí n dúpẹ́ pé ó jáde, ó wá ta oògùn ibà fún mi. Mo lò ó, ètè ò gbọ́. Mo fi ọṣẹ ìfọyín ra á, ó ta mí débi tí omi bọ́ lójú mi. Ni mo bá mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo tú u, mo fi ìka nù ún. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ohun tí mò ń rò.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Tọ́mi, ẹ ò ṣe pe ilé ìwòsàn?” Kí n pè wọ́n kí n ní kí ni? Bó ti wọ balùwẹ̀ báyìí, mo fi páńkéèkì rẹ̀ bo ètè mi. Ìyàwó mi pupa, èmi dúdú. Nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá danfó wa dúró ní Ìdímù, kọ̀ńdọ́ yíjú sí mi: “Bàbá, ògì kù sí yín lẹ́nu o.”

Dókítà náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ní, “Ẹ lanu, sà.” Mo lanu. Ètè là, ẹ̀jẹ̀ pò mọ́ páńkéèkì, ó kán sórí aṣọ ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ mi láyà. Ó rọra gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá, àkàrà wo ló ń lé ròrò?”

Ó ní herpes ni. Mo ta gìrì: “Dókítà, mi ò kì í ṣe ìṣekúṣe o!” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú kìíní ni tèmi, láti kékeré lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó o, níbi tí àgbà ti ń fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 àwọn tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún ló ní in lára. Inú iṣan ìmọ̀lára ojú ló ń sùn sí, kì í sì í lọ mọ́. Oníkẹ́mísì ò kúkú purọ́ tán: ibà lè jí i, oòrùn àti wàhálà náà lè jí i, ṣùgbọ́n ibà kọ́ ló bí i.

Ó ní òun ò ní tọ́jú eyín náà lọ́jọ́ yẹn: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín máa ń fọ́n omi àti itọ́ káàkiri, ó sì lè gbé kòkòrò herpes bá ojú dókítà. Kí ìbọ̀wọ́ tó di dandan, ìka àwọn dókítà eyín gan-an máa ń lé ròrò láti ẹnu aláìsàn. Nítorí náà, bí kò bá jẹ́ pàjáwìrì, wọ́n á sún ìtọ́jú síwájú títí egbò náà yóò fi gbẹ. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 7 sí 10. Ó ní ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yún ló yẹ kí n ti fi ìpara acyclovir sí i.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ pé mo fi abẹ́rẹ́ tú u, tí mo sì fi ìka nù ún, ó ní, “Ìka wo lẹ fi nù ún? Ó lè ba ojú jẹ́ o.” Mo ki ọwọ́ sápò.

Wọn ò gbowó mìíràn, ọjọ́ ni wọ́n yí padà. Ẹ̀yin tí dókítà eyín ń retí, bí ètè bá ti ń yún yín, ẹ pè wọ́n. Owó ìpè ò tó owó danfó láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá.