Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà Ọmọ Ọdún Mẹ́tàlélógún

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń wo fóònù, kó dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo gbọ́ pé mẹ́rin nínú yín ti para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Yábàá, àti pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọ̀gá. N kò ní bèèrè ta ni òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá dé adé, a kì í bèèrè ìlú lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń dún létí yín. Ní 2015, Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá Paystack sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di 2020, Stripe, ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti òkèèrè, rà á ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ aládùúgbò mi kan kò ti wá iṣẹ́ mọ́. Ó ń dúró de Stripe.

Àwọn olówó tí ẹ ń gbé àwòrán aláràbarà lọ bá yóò bi yín bí ọjà yín ṣe tóbi tó. Èkó ní ìbéèrè tirẹ̀, kì í sì í dúró kí ẹ múra sílẹ̀. Níbo lẹ ń gbé? Ẹni tó ń sùn ní Ìkòròdú, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Lẹ́kì, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990 kò tó kìlómítà 12. Lóru, bí ẹni fò ó ni. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èèyàn lè gun orí rẹ̀ ní ọ̀dọ́ kó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ewú. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Marina dé Máìlì Túù láti 2023. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì láya, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé àna jìnnà sí ibùdókọ̀ rẹ̀.

Ilé náà ńkọ́? Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin dára. Ẹ kà á sókè fún onílé, kí ẹ wá rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Òfin kan náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀; n kò ní sọ ohun tí mo rò nípa ìyẹn, àgbà ni mí. Lẹ́yìn owó ilé ni owó ejẹ́ǹtì, owó agirimẹ́ǹtì, owó káṣọ̀n. Ejẹ́ǹtì gan-an ni ẹni tó mọ òwò nínú gbogbo wa. Kò ní ilé, kò ní kọ̀ǹpútà, kò sì wá olówó òkèèrè.

Ìjọba náà wà níbẹ̀. Gokada àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀kadà ṣòwò, wọ́n dé akoto fún èrò, owó òkèèrè sì wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà àti lórí àwọn títì ńláńlá. Gokada yáa gbájú mọ́ ẹrù gbígbé. Ẹrù ní ìwà ju èrò lọ, kì í bèèrè ṣéńjì.

Ó wá ku ìyá yín. Yóò bi yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, nítorí wọ́n ti bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sọ pé ẹ ń tún Áfíríkà ṣe; yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ sọ pé alájọ ni yín, pé inú fóònù ni káàdì yín wà. Ìyẹn yé e. Ó ti ń dá àjọ kí wọ́n tó bí yín, ó mọ̀ pé owó ọjọ́ kan lóṣù ni ti alájọ. Nígbà náà ni yóò bi yín pé, bí ẹ bá kó owó sá lọ, ilé ta ni kí àwọn tó ni owó wá jókòó sí? Ẹ wá ìdáhùn yẹn kí ẹ tó lọ sílé Kérésì.