Wáyà Bàbá Ìbejì

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Minnesota níbí, ṣé ẹ ti rí píkọ́ọ̀pù tí Bàbá Ìbejì rà? Èyí tó ń jẹ dísù, tó ga débi pé ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ká ìró sókè kó tó lè gùn ún. Ìró léèsì yẹn náà, èyí tó wọ̀ níbi ìkómọjáde ọjọ́sí, gbèsè rẹ̀ ò tíì tán... ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.

Bàbá Ìbejì rò pé Ìbàdàn lòun ṣì wà, pé èèyàn á kàn yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á sì jí. Ní ìpínlẹ̀ tí òtútù ti wọ -51°C rí, ní Tower lọ́dún 1996! Ọkọ̀ dísù ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná o. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fún pọ̀ títí tó fi gbóná ló ń ran epo. Bí irin bá ti tutù jù, ooru yẹn ò ní tó. Ìdí nìyẹn tí glow plug, irin kékeré tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná, fi wà nínú ọkọ̀ rẹ̀: iná kékeré á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó dúró kó kú, kẹ́ ẹ tó sìtáàtì. Bàbá Ìbejì wo ló fẹ́ dúró? Ẹni tí kì í jẹ́ kí pásítọ̀ ṣàmín tán kó tó dé ìdí jọ̀lọ́ọ̀fù!

Ó yí i títí bátìrì méjèèjì fi kú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní -18°C lásán, bátìrì ti pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀. Ló bá gbé agolo ether, ohun tó tètè ń gbaná, ó fẹ́ fín in sẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Bàbá òyìnbó òdìkejì ló sáré jáde tòun ti aṣọ oorun, tó ń pariwo pé bí ether bá kan glow plug tó gbóná, ẹ́ńjìnnì lè bú.

Epo gan-an ti ń dì. Ìda wà nínú dísù, ó sì máa ń dì bí epo pupa nígbà ọyẹ́, á wá dí fítà pa. Iléepo ibí máa ń fi dísù fúyẹ́fúyẹ́, tó sún mọ́ kẹrosíìnì, là á nígbà òtútù, àmọ́ epo oṣù kẹsàn-án ló ṣì wà nínú táǹkì tirẹ̀. Òde àríyá nìkan ló ń gbé ọkọ̀ náà lọ! Oògùn tí kì í jẹ́ kí epo dì náà, kó tó dì ni wọ́n ń dà á sí i.

Ó ti wá mọ block heater báyìí, èyí tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì gbóná lóru. 750 wáàtì ni. Ẹ wá béèrè ibi tó ki wáyà rẹ̀ bọ̀. Yàrá ìfọṣọ wa ni, níbi tí gbogbo wa jọ ń san owó iná! Láti alẹ́ di ìdájí, wákàtí mẹ́jọ gbáko, yúnìtì mẹ́fà nìyẹn lóòjọ́. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin sì ti tó o.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ ní kó wá san owó iná wa.