Bọ́ọ̀sì Tó Wọ Súwẹ́tà

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Tèmi, súwẹ́tà ni, méjì lórí ara wọn. Ekosodin ni, lẹ́yìn ọgbà Yunifásítì Benin, ní ìparí oṣù Kọkànlá, tí ooru ń jó gbogbo ayé lára. Mo ti ara mi mọ́ inú bọ́ọ̀sì J5 kan, mo fi fìlà onírun bo etí, mo jókòó, mò ń dúró de òtútù.

Ẹ má tíì pè mí ní wèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ gbéyàwó ní Bukuru, lẹ́bàá Jos, nínú oṣù Kejìlá, owó hòtẹ́ẹ̀lì sì ti kọjá ohun tí àpò mi ń gbọ́. Mo ní bọ́ọ̀sì kan tí mo fi ń kó búrẹ́dì kiri Ugbowo kí òwò náà tó wọmi. Lálaalẹ́ ni mo ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń gbé inú ọkọ̀, tí bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, tí ibi ìdáná wà níbẹ̀. Mo ní tèmi náà á rí bẹ́ẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ méjì á máa sùn sínú rẹ̀ lórí òkè Jos. Ohun tí mi ò kíyè sí ni pé Kánádà àti Norway ni wọ́n ti ya gbogbo fídíò náà.

Jos tutù, kò sírọ́ níbẹ̀. Ìlú náà fi ohun tó ju 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Tí ọyẹ́ bá dé, òru ibẹ̀ lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 12, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, òòrùn á tún yọ bí ẹni pé kò mọ nǹkan kan sí i. Ti Kánádà yàtọ̀. Omi ń dì nínú páìpù níbẹ̀, omi tó bá sì dì máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 wú sí i, òun ló ń bẹ́ páìpù. Èmi ò gbé dígírì kankan yẹ̀ wò. Wọ́n ní òtútù, mo ní òtútù.

Àwọn onífídíò ní kí a da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú páìpù. Mo lọ ra gálọ́ọ̀nù kúláǹtì kan, ó ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo da ìdajì rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù 50 lítà tí mo ti pọn omi sí, omi tí a óò máa mu o! Mo wá pe mẹkáníìkì mi pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó wo omi, ó wo ojú mi, ó tún wo omi.

"Ọ̀gá, rédíétọ̀ ló ń mu èyí. Ènìyàn tó bá mu ún, ó di gbéré."

Ó ní bó ṣe dùn díẹ̀ lẹ́nu gan-an ni ewu rẹ̀, ajá àti ọmọdé kì í mọ̀ pé májèlé ni. Èyí tí àwọn òyìnbó ń dà sínú páìpù omi mímu, oríṣi mìíràn ni, wọn a sì tún ṣan páìpù náà dáadáa kí wọ́n tó bu omi níbẹ̀. Mẹkáníìkì gbé dúrọ́ọ̀mù mi lọ, ó ní òun á máa bù ú sí rédíétọ̀ àwọn oníbàárà òun. Bí mo ṣe di ẹni tó ń fún mẹkáníìkì ní kúláǹtì ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ti gáàsì kò pẹ́. Wọ́n ní butane kì í fẹ́ jáde nínú sílíńdà tí òtútù bá ti dé dígírì òdo, pé propane ni kí a wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Ugbowo, ó di Uselu, mò ń béèrè propane. Obìnrin kan dáhùn pé 6 kílò wà, 12.5 kílò wà, èwo ni propane nínú ẹ̀?

Fèrèsé ló wá sọ mí di àwòyanu. Mo fi fóòmù dí gbogbo rẹ̀, mo to páálí ẹyin lé e, mo wá fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé ṣàwámà bò ó, mo fi tépù lẹ gbogbo ihò, àní ihò tí kòkòrò ń gbà wọlé. Ìyá onílé wa jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó pọ́ńbélé, "Ngbati" ni wọ́n sì ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn, nítorí pé Yorùbá ni mí. Mo kí wọn, "Kóyo, Mama." Wọ́n wo bọ́ọ̀sì náà títí, wọ́n bi mí bóyá ara rẹ̀ ni kò yá.

Àwọn onífídíò ní ìmọ̀ràn kan tó dára: kí a kọ́kọ́ sun oorun ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ náà nílé, kí a dán gbogbo nǹkan wò kí a tó gbé e lọ sínú òtútù. Mo gbọ́ràn. Mo gbé àdògán èédú wọlé, mo dáná sí i, mo gbé kẹ́tù tíì lé e, mo ti ilẹ̀kùn.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, súwẹ́tà kan ti kúrò. Ìkejì tẹ̀ lé e. Ṣẹ́ẹ̀tì, singlet, ṣòkòtò. Ó ku pátá nìkan. Bébà fàdákà kan já lára fèrèsé, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, òógùn ló fi ṣe gọ́ọ̀mù. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán níbẹ̀, ojú mi ń ṣú. Mo ní ooru ni. Mo ní kí n fara dà á, Jos ń bọ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Àwọn fijilántì mẹ́ta ni, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, àdá lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rí ni ọkùnrin tó wọ pátá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ mànà, tí èédú pọ́n wẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí nǹkan sì ń hó lórí iná nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n dí gbogbo ojú rẹ̀. Èyí àgbà nínú wọn sún sẹ́yìn.

"Oga, na who you dey cook?"

Mo ní èmi ò se ẹnikẹ́ni. Mo ní òtútù ni mò ń múra sílẹ̀ fún. Ọ̀kan nínú wọn nu òógùn ọrùn rẹ̀, ó wo ọ̀run, ó wo ilẹ̀, ó ní òtútù tibo? Kẹ́tù yan àkókò yẹn láti súfèé. Kò sí ẹni tí kò fò sókè.

Ariwo ló jí Mama. Wọ́n so ìró mọ́ àyà jáde, wọ́n wo mí láti òkè délẹ̀, wọ́n sọ fún àwọn fijilántì pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, Ngbati ni. Ẹ ò bá gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń dárúkọ àìsàn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí Mama ṣe rí èédú, ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Àwọn fúnra wọn ló fi ìró gbá àdògán mú, wọ́n gbé e síta. Wọ́n ní kí n jókòó sórí ilẹ̀ kí n máa mí.

Afẹ́fẹ́ tí èédú ń tú jáde nínú ilé tó dí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ohun tó ju ìlọ́po 200 bí atẹ́gùn tí a ń mí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní jẹ́ kí èyí tó dára ráyè. Orí fífọ́ ni ìkìlọ̀ rẹ̀, oorun ló sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn tó wá mú apànìyàn ni wọ́n yọ mí, mi ò sì tíì rí ojú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn di òní.

A kúrò láàárọ̀ kùtù nínú oṣù Kejìlá, a gba Auchi, Okene àti Lokoja, a sùn ní Abuja torí pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà òru, lọ́jọ́ kejì a gba Keffi àti Akwanga gun òkè. Àdògán ò bá wa lọ. Ọgbà àna ọ̀rẹ́ mi ní Bukuru la gúnlẹ̀ sí. Òtútù wà níta lóòótọ́. Kò rí ibi wọlé. Àwa mẹ́ta mí, a mí, èémí wa ò rí ibi jáde, ó lọ dì mọ́ irin òrùlé, ó di omi, páálí ẹyin mu ún yó. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí wa lórí, nínú ọyẹ́, ní ìlú tí òjò ti dá láti oṣù Kẹwàá. Ooru tún mú wa. A tan fáànù tí mo so mọ́ bátìrì ọkọ̀, a sì sun oorun ìyókù.

Bátìrì ọkọ̀, agbára ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe é fún, kó fi ṣíná kó sì sinmi. Kò wà fún fáànù àṣemọ́jú. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ó dún "kẹ̀", ó tán. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn, aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn wa. A bọ́ sílẹ̀, àwa, àwọn àna àti àlejò méjì tí mi ò mọ̀ rí, a ń ti J5 gba inú eruku ọyẹ́. Àárín rẹ̀ ni fóònù mi dún. Mama ni, láti Ekosodin.

"Ngbati, cold dey catch you?"

Mo fi apá agbádá nu òógùn ojú mi. Mo ní rárá, Mama. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Na who you dey cook now?"