Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ẹyẹ Òkun

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Kí ni mo fi ṣẹ ẹyẹ òkun? Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá, bí òtútù bá ti ń wọ Yúróòpù, àwọn ẹyẹ funfun tí wọ́n ń pè ní sterne á gbéra lọ́hùn-ún, wọ́n á tọ etíkun Áfíríkà wá, wọ́n á sì gba iwájú ẹnu kánáàlì Vridi kọjá, èyí tí wọ́n là lọ́dún 1950 kí ọkọ̀ òkun lè máa wọ ọ̀sà Ébrié. Nínú gbogbo Abidjan, èmi ọmọ Èjìgbò, tí mò ń ta páàtì ọkọ̀ mi jẹ́jẹ́, èmi ni orí mi rán láti máa kà wọ́n.

Ẹ wo ìyà! Ewúrẹ́ ṣeé kà, ẹyẹ òkun ò ṣeé kà. Mo bá ka ogún lọ sọ́nà Gánà, mẹ́jọ á ṣẹ́rí padà, márùn-ún á já sínú omi nítorí ẹja, òjò àrọ̀kúrò á dé, ìwé á tutù, bírò á kọ̀, kí n tó nu awò ọ̀nàjíjìn mi tán, ọkọ̀ apẹja á ti la àárín wọn kọjá tòun ti ariwo ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn á tú ká, mo sì ti dé mọ́kàndínláàádọ́ta, áà! Irú méjì kan tiẹ̀ wà nínú wọn tó jọra débi pé àwọn tó ń kà wọ́n ní Yúróòpù gan-an máa ń kó méjèèjì sórí ìlà kan bí wọ́n bá jìnnà. Èmi tí mo jókòó sórí òkúta, ẹ fẹ́ kí n yà wọ́n?

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ wá ka owó iléèwé àwọn ọmọ yìí ná." Ìyá tó ń ta attiéké béèrè pé èló ni ọ̀kan. Ọmọ àbúrò mi na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè pé kí wọ́n fún òun ní èékánná funfun. Mo ní kì í ṣe lékeléke! Ó ní, "Ṣebí funfun náà ni."

Ilé ìfọpo wà lẹ́yìn mi, ọkọ̀ òkun ń kọjá níwájú mi, ta ló máa gbà pé ẹyẹ ni Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ń fi awò wò? Ọkùnrin aláṣọ ìjọba kan dé.

"Kí lò ń kà?"

"Ọ̀gá mi, ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ ta?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Ó ní ìwé mi dà. Ìwé tèmi o! Sterne ńlá ẹlẹ́nu ọsàn tó ṣí láti Banc d'Arguin ní Mọriténíà fò kọjá lórí wa níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan, èmi tí mo bá fẹ́ kí ìyá mi nílé, mo gbọ́dọ̀ gba Noé, Aflao, Hilla-Condji àti Sèmè, ibodè mẹ́rin, àpò ṣíṣí mẹ́rin, ECOWAS sì ti fọwọ́ sí i láti 1979 pé ká máa rìn fàlàlà!

Èyí tó dùn mí jù ni pé lágbedeméjì oṣù kìíní, káàkiri ayé, àwọn onímọ̀ máa ń jáde ka ẹyẹ omi. Èyí tó ti bà, tó ń jẹun, ni wọ́n ń kà. Èyí tó ń sáré kọjá nínú òjò, ta ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún?