Lẹ́tà ṣíṣí sí Prometheus, ọkọ̀ ogun tó wá gba Èkó

Prometheus, ọmọ Sheerness nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,

Mi ò kí ọ o. Ẹni tó kó ìbọn wọlé onílé kì í retí ẹ káàbọ̀.

Mo ti wádìí rẹ. 1839 ni wọ́n tì ọ́ sómi: pákó lára, iná nínú, kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, òpó ìgbòkun sì tún wà lórí, torí èédú lè tán lójú agbami. Orúkọ rẹ gan-an ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì, Prometheus ló jí iná àwọn òrìṣà. Ṣé orúkọ olè ló kù tí wọ́n á fi sọmọ? Orúkọ ọmọ a máa ro ọmọ, lóòótọ́.

Má wulẹ̀ gbéra ga. A gbọ́ ti Alecto, ọkọ̀ tó jọ ọ́ bí ìbejì. Ní 1845, wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ ìdí Rattler, ọkọ̀ tí abẹ̀bẹ̀ inú omi ń tì, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa fa ara wọn. Kẹ̀kẹ́ Alecto ń gbá omi bí ẹni ń gún iyán, síbẹ̀ Rattler wọ́ ọ sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń mú rọjà.

Ọ̀dọ̀ wa lo wá ti ṣe akọni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 1861, inú rẹ ni McCoskry, adelé kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, àti Bedingfeld, ọ̀gá rẹ, pe Ọba Dòsùnmú sí, wọ́n ní kó gbé Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Ọba kọ̀. Wọ́n ní ìbọn rẹ yóò fọhùn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Ọba tọwọ́ bọ̀wé. O yin ìbọn ìyẹ́sí 21, àwọn ọmọ iléèwé míṣọ́n kọrin, àwọn òyìnbó sì wá jẹun nínú rẹ. Ìwọ alásè! O gbàlú tán, o tún dáná.

Ṣùgbọ́n akin wo lo ṣe? Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ló yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí Kòsọ́kọ́, ọba ìgbà náà, fi sá lọ. Ẹ̀rù tí wọ́n dá sílẹ̀ lo wá fi jayé. Ẹlòmíì ló pa ẹkùn, ìwọ lò ń fi awọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣọ́.

Ní 1863, wọ́n tú ọ palẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tó o gbàlú! Dòsùnmú tó o dẹ́rù bà ṣì wà lórí ìtẹ́ títí di 1885. Takàdá tó o gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kò ní ìbọn, kò ní èéfín, síbẹ̀ ọdún 99 ló fi jókòó lé Èkó lórí, títí di òmìnira 1960. Ìyẹn gan-an lọkọ̀ ogun. Ìwọ kàn gbé e wá ni.

Èmi ni,
Ọmọ Èkó kan